Ta Ló Ni Ẹ̀jẹ̀ Tó Wà Lára Bainzu?

Torino,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, 2011

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Èmi, Bonaria Sedda, ọmọ yín obìnrin, ni mo kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fọwọ́ sí i, ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi Bainzu tó wà lẹ́wọ̀n, àti ní orúkọ àwọn ẹbí wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Torino níbí, tí gbogbo wa jókòó lọ́jọ́ Àìkú tí a sì fẹnu kò. Mo kí yín o. Mo kí àbúrò mi Grassia. Mo kí Bàbá Totoni àti àwọn ewúrẹ́ wọn. A gbọ́ pé òjò dídì pọ̀ lórí òkè lọ́dún yìí. Mo lérò pé igi ìdáná kò tíì tán nílé.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí tẹlifóònù, nítorí ilé ìdáná yín kì í ṣófo.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ti sọ Bainzu sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìndínlógún nítorí Larentu Canu, ẹni tó fi ọ̀pá lù ní gàá wa tó sì kú. A ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọn yóò sì gbọ́ ọ ní oṣù Kọkànlá. Nígbà ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, adájọ́ bi Bainzu léèrè ìdí tó fi lu ọkùnrin náà. Bainzu ní, "A jà ni." Adájọ́ ní kí ló fa ìjà. Ó ní, "Inú ló bí wa." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an wà ní gàá lọ́jọ́ náà, ẹ gbé búrẹ́dì lọ fún un. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ẹ kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, ẹ kò rí nǹkan kan. Gbogbo ìlú Lodunai ló kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ ìlú tí a ti bí mi, nítorí náà mi ò béèrè.

Nígbà tí ẹnu kò ṣe é ṣí, a wá ọ̀nà mìíràn. Agbẹjọ́rò wa, Ìyáàfin Ferrero, mú wa lọ sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣàyẹ̀wò àbùdá ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣàlàyé pé àwọn kan wà tí a bí àmì kan mọ́ wọn nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè mú kí ìbínú wọn tètè gbiná bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá lè fi han ilé ẹjọ́ pé àmì bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé wa, pé ó ti wà lára Bàbá àgbà Diecu tó pa ènìyàn tó sì fi igbó ṣe ilé fún ọdún pípẹ́, àwọn adájọ́ lè gbà pé ọwọ́ tí Bainzu fi gbé ọ̀pá kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Wọ́n lè dín ọdún rẹ̀ kù.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn láàárín wa. Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, àwọn ọ̀mọ̀wé sọdá òkun wá, wọ́n fi okùn wọn orí àwọn darandaran wa, wọ́n sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé olè àti ìpànìyàn ni a bí mọ́ wa. Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n fi bú wa nígbà náà ni mo fẹ́ fi tú ẹnì kan nínú wa sílẹ̀ nísinsìnyí. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ sọ fún wa bóyá Bainzu jọ Bàbá àgbà ní ìwà, ẹ sì gba itọ́ Bàbá Totoni, ọmọ bíbí Diecu tó ṣì wà láyé, sínú ìgò kékeré tí mo fi sínú àpò yìí. A ń retí èsì yín ṣáájú ọdún Àjíǹde.

Ọmọ yín,
Bonaria


Lodunai,
Ogúnjọ́ oṣù Kẹta

Bonaria ọmọ mi,

A wà láàyè. Igi ìdáná kò tíì tán. Grassia ń kí ọ.

Nígbà tí mo ka ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà rẹ, "Èmi Bonaria Sedda, ní orúkọ lágbájá àti tàmẹ̀dò," mo rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ló fẹ́ wá gé omi wa. Mo ti ń wá ìwé omi kí n tó rí i pé ọmọ mi ló ń kọ̀wé sí mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni ní yunifásítì nìyẹn?

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí, ẹ̀jẹ̀ wa kì í sú yín. Láìpẹ́ yìí náà ni àwọn kan gbé mọ́tò funfun wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tọmọdé tàgbà, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń pẹ́ láyé. Ìwọ náà wá ń gbà á báyìí láti mọ ìdí tí a fi ń pa ara wa láyé. Kí ẹ yáa pàdé níbì kan kí ẹ sì bá ara yín sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún Totoni pé wọ́n nílò itọ́ rẹ̀ ní Torino. Ó ní, "Irú itọ́ wo? Ti ẹni tó rí oúnjẹ ni, tàbí ti ẹni tó rí agbowó-orí?" Mo ní kó ṣáà tutọ́. Ó tutọ́ wẹ́rẹ́, ó nu ẹnu, ó ní kí n kí ọ, kí o má sì jẹ́ kí otútù mú ọ. Totoni yìí ni ẹ ń wá ẹ̀jẹ̀ apànìyàn lára rẹ̀, ẹni tí kò lè dú ọmọ ewúrẹ́ fún ọdún Àjíǹde, tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bá a dú u nígbà tó bá ti kọjú sí ògiri.

O bi mí bóyá Bainzu jọ Diecu. Ṣé o gbàgbé ni? Ẹni tó tọ́ ni là á jọ. Bí Diecu ṣe ń rìn ló ń rìn, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn. Bí Diecu ṣe ń dákẹ́ ló ń dákẹ́. Ọ̀bẹ Diecu ló fi ń gé búrẹ́dì. Bí ó bá bínú, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, bíi ti Diecu gẹ́lẹ́. Lọ kọ ọ́ fún wọn.

Ohun kan ń dùn mí. Ìyá ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Grassia ti gbọ́ pé ẹ̀ ń wá nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ó wá kí mi, ó mu kọfí, ó ń wo Grassia láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ ra màlúù. Bí àmì yìí bá wà lára Bainzu, ṣé ó wà lára Grassia náà? Ṣé ó wà lára ìwọ fúnra rẹ? Ṣé ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó lọ́jọ́ Àìkú rò ó débẹ̀?

Mo fi wàràkàṣì ránṣẹ́ pẹ̀lú itọ́ náà. Má jẹ́ kí wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ìyá rẹ,
Annedda


Torino,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì dúpẹ́. Itọ́ náà dé láìséwu. Wàràkàṣì náà dé, kò sì pẹ́ nílẹ̀.

Ìbéèrè yín nípa Grassia kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì gbé e lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó ní kí n sọ fún yín pé àmì yìí kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní in tí wọn kò fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú. Ó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ: kì í dá iná sun ara rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Mo lọ wo Bainzu. Ara rẹ̀ le. Ó béèrè àwọn ewúrẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn, kò sì rántí bi mí léèrè ara mi títí àkókò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbé ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n fún un kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè gba itọ́ tirẹ̀ náà. Ó kà á, ó rọra gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ Bàbá àgbà ló gbé ọ̀pá. Kí wá ni èmi ń ṣe níbẹ̀? Mo ń wòran?"

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà ni a ń wá láti dín ọdún rẹ̀ kù.

Ó ní, "Mo gbọ́. Bí mo bá jáde, ṣé wàá jẹ́ kí n gbé ọmọ rẹ?"

Mo ní mi ò tíì bímọ.

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́ nísinsìnyí."

Mo dá a lóhùn pé màá gbé e fún un. Ó gba bíró lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní, "Nítorí pé ìwọ lo ní kí n ṣe é." Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún yín, nítorí ó ń dà mí láàmú. Síbẹ̀ mo gbà pé ọdún tí ènìyàn kò lò lẹ́wọ̀n sàn ju ọ̀rọ̀ tó dára lọ.

Ọmọ yín,
Bonaria


Torino,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà

Ìyá mi,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí ẹ sì kà á ní ẹ̀yin nìkan.

Èsì ilé àyẹ̀wò ti jáde. Àmì náà wà lára Bàbá Totoni. Kò sí lára Bainzu. Èyí nìkan ìbá ti tó láti ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n náà tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé àwọn ọkùnrin méjèèjì tí a fi itọ́ wọn ránṣẹ́ kò bá ara wọn tan rárá. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Èsì kan náà ni.

Ìyáàfin Ferrero béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ó yẹ kí òun sọ fún ilé ẹjọ́. Mo ní kó fún mi láyè kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín.

Ìyá mi, mo ti kọ gbólóhùn tó kàn yìí, mo sì ti pa á rẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, mo sì mọ̀ pé ayé obìnrin kò rọrùn ní Lodunai nígbà náà. Nítorí Bainzu, mo ní láti bi yín: ṣé Mialinu Sedda ni bàbá rẹ̀? Ṣé òun ni bàbá tèmi?

Ohunkóhun tó bá jẹ́ èsì yín, ọmọ yín ni mo jẹ́.

Bonaria


Torino,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò rí èsì. Mo pe tẹlifóònù ilé. Grassia gbé e, ó ní ẹ ti gòkè lọ sí gàá, pé ẹ kò sọ ìgbà tí ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí ló ṣe yín. Ó ní, "Kí lo kọ sí wọn?" Mo pe Bàbá Totoni. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ ń tọ́jú ẹran," wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Wọn kò gbé fóònù sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí.

Bí mo bá ṣẹ̀ yín, mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ń bọ̀, mi ò sì ní ohun kankan lọ́wọ́ mọ́. Ẹ bú mi, bí ó bá jẹ́ èébú ni. Ẹ má dákẹ́.

Bonaria


Lodunai,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Bonaria,

Lẹ́tà rẹ dé. Èkejì náà dé. Mo kà wọ́n, mo tì wọ́n bọ abẹ́ àpótí ìyẹ̀fun, mo sì gòkè lọ dúró ti àwọn ewúrẹ́ títí inú mi fi rọ̀. Ká ní mo fèsì lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ìbá ní láti wá ìyá mìíràn.

Obìnrin ni mí, mo ti di opó láti ìgbà tí o kò tíì lè wọ bàtà fúnra rẹ. Dúdú tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ ni mo ṣì ń wọ̀. Ìwọ wá jókòó ní Torino, o fi ọ̀wọ̀ àti ìwé tó mọ́ bi mí léèrè irú ibùsùn tí mo sùn sí. "Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́." O ṣeun o, adájọ́.

Mialinu ló bí ọ. Mialinu ló bí Bainzu, òun ló bí Grassia. Ṣùgbọ́n Diecu kọ́ ló bí Mialinu. Ọmọ ọkàn ni bàbá rẹ.

Ìyàwó Diecu wọlé ọkọ, kò rí ọmọ. Ilé àwọn Zoncu tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, àwọn tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ kún ibẹ̀ bí ẹyẹ. Àwọn ilé méjèèjì jókòó, wọ́n sọ ọ́ pé kí Mialinu wá di ọmọ ilé Diecu, wọ́n bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó Diecu tó bí Totoni. Kò sí ẹni tó fi í pamọ́. Gbogbo àgbà ìlú ló mọ̀. A kì í ṣáà sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá ń rán ọmọ ọkàn létí ilé tó ti wá ń lé e jáde ni. O bi mí bóyá Bainzu jọ Diecu, mo ní ó jọ ọ́, mi ò sì purọ́. Ọwọ́ Diecu ló dàgbà sí ní gàá lẹ́yìn tí ìjọba tú bàbá àgbà náà sílẹ̀. Òun ló kọ́ ọ ní ìrìn, òun ló kọ́ ọ ní ìdákẹ́. Búrẹ́dì rẹ̀ ló jẹ. O kò bi mí ta ló bí ta. Ká ní o bi mí, mà bá sọ fún ọ, ìwọ ì bá sì ti fi itọ́ Totoni sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mo lọ bá Pascala Zoncu, nítorí ó tọ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ní, "Pascala, wọ́n ní Torino ní ẹ̀jẹ̀ tó wà lára Bainzu kì í ṣe tiwa mọ́. Tiyín ni."

Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Tiwa kẹ̀, Ìyá Bainzu? Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń lù nílé wa, agogo ni."

Ìyá àfẹ́sọ́nà Grassia náà tún padà wá, inú rẹ̀ ti dùn. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ àwọn alágogo ni Grassia, pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Mo ní, "Ọmọ ilé Diecu ni. Bí ọmọ rẹ bá ń wá ẹ̀jẹ̀ agogo, kó lọ gbé agogo níyàwó." Ó mu kọfí rẹ̀ tán kó tó bínú. Ọmọkùnrin náà wá ní ọjọ́ kejì fúnra rẹ̀, ó bá Grassia to igi. Ìyẹn tó fún mi.

Ní òkè níbẹ̀, mo ronú sí ọ̀rọ̀ kan. Kí ló dé tí mo fi tètè gbà fún ọ? Èmi tí mo máa ń jiyàn lórí iyọ̀. Mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló pa Larentu, kò sí ẹni tó ní láti sọ nǹkan kan. Èmi ò ní sọ, Bainzu ò ní sọ, ìlú ò ní sọ. Gbogbo ènìyàn ń mi orí, wọ́n ń wí pé, "Ẹ̀jẹ̀ Diecu ni," wọ́n sì ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ wọn orí àwọn baba wa àti ẹ̀yin tí ẹ gba itọ́ wa, ẹ ṣe ìlú yìí lóore: ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn tí àwa fúnra wa fẹ́ tì.

Mi ò kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, Bainzu bá mélòó kan nínú àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti gé iṣan ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi orúnkún wọ́ lọ sí ibi omi. Ó ń dú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa jẹ̀rora mọ́ nígbà tí mo gbé búrẹ́dì dé. Larentu wá dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bainzu, ẹran rẹ ti kọ́ bí a ṣe ń gbàdúrà." Bainzu ní kó máa lọ sílé. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Larentu ló fa ọ̀bẹ yọ, ó sì wọlé wá bá a. Ìgbà náà ni Bainzu tó gbé ọ̀pá. Etí rẹ̀ kò pọ́n. Ẹ̀rù ló bà á. Mo mọ ojú ọmọ mi.

Caderina, ìyá Larentu, ló gbé ọ dání lọ́jọ́ tí a sàmì sí ọ lórí. Ó di ọwọ́ mi mú níbi ìsìnkú, ó ní, "Annedda, wọ́n ti gba ẹ̀mí rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n pè é ní agéṣan-ẹran." Kí ni mo fẹ́ wí? Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bainzu ní àtìmọ́lé, ìdí nìyẹn tó fi sọ fún adájọ́ pé inú ló bí wọn. Ọmọ mi ń fi ọdún rẹ̀ ra orúkọ fún òkú, èmi sì ń wò ó.

Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo lọ bá Caderina. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún àwọn adájọ́. Kò bú mi. Ó wò mí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Mi ò rò pé yóò ṣí i fún mi mọ́ láyé yìí.

Níwọ̀n ìgbà tí o ti fẹ́ràn ìwé tó ní orí tó ní ìdí, gba tèmi.

Èmi, Annedda, opó Mialinu, ni mo kọ èyí tí mo sì fọwọ́ sí i, ní orúkọ ara mi nìkan. Kò sí ẹni tó rán mi. Kò sí ẹni tó bá mi jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ kí ìwé ẹ̀jẹ̀ náà kúrò níwájú àwọn adájọ́. Mo fẹ́ kí agbẹjọ́rò yín wá sí Lodunai ní ọ̀sán gangan, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé mi. Mo fẹ́ kí ìwọ bá a wá, kí o kọ ohun tí mo bá sọ bí mo bá ṣe sọ ọ́, láìfi ọ̀rọ̀ yunifásítì kún un. Kí o tó wá, lọ bá Bainzu, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló ní kó má bínú.

Lẹ́yìn ọdún àwọn Òkú, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, àwọn darandaran yóò kó ẹran sọ̀kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Fún mi lésì kí wọ́n tó lọ. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn wà nílé nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Annedda